Ọwọ́ Ìkọ̀wé Àwọn Ọmọ Inú Àgọ́

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹwàá

Àgọ́ ilé-ìwé dé lónìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì. Ó funfun, ó ń rùn bíi rọ́bà tuntun, bẹ́ńṣì mẹ́fà ló sì bá a wá. Ibi ìpakà la pa á sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kò sí òkúta lókè tó lè yí lu ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ́jísítà kíláàsì kìíní. Mọ́kànlá ló jókòó síwájú mi. Mo fo orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù, mi ò pè wọ́n.

Ọ̀gá Lahsen, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa, gbé fọ́ọ̀mù kan bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ nílùú, nísàlẹ̀ òkè. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní Ọjọ́bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé funfun, kó wo àwòrán kan, kó sì sọ ohun tó rí níbẹ̀ lédè Lárúbáwá. Kí n ka iye gbólóhùn rẹ̀. Kí n fi pínnì so ìwé náà mọ́ fọ́ọ̀mù.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ń tẹ̀síwájú."

"Síbo?"

Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti gbà á.

Nínú àgọ́ tiwa, ìyá mi ní òun ò ní sùn nínú ohun tí afẹ́fẹ́ ń mì. Ó ní èyí tí ilẹ̀ ti mì ti tó òun.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹwàá

Ìwé àkọ́kọ́. Idder kọ orúkọ rẹ̀ láti òsì lọ sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni lẹ́tà Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn bí àwọn tó jà. Mamas kọ tirẹ̀ tóbi débi pé lẹ́tà méjì péré ló gba ojú ìwé. Ó ní òun á kọ ìyókù lọ́jọ́ mìíràn. Yamna ṣẹ́ ẹnu pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ mẹ́ta péré ló kọ orúkọ tí ẹlòmíì lè kà.

Tuda fa ìlà kan láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà ni. Kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ látìgbà tí ilẹ̀ ti mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ayub, wà lára àwọn mẹ́tàdínlógún tí a sin lábúlé yìí, ìyá wọn ti kú tipẹ́, bàbá wọn sì ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà nílùú Tangier tó jìnnà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Fadma, ló wà. Mo kọ òdo sí ibi ìkọ̀wé, mo kọ òdo sí ibi ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni etí òkun, ọmọ kan jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá. Kò sí èyí tó rí òkun rí nínú wọn. Lédè Lárúbáwá, Yamna ní, "Ọmọ," ó sì dákẹ́. Mo ní kó sọ ọ́ lédè wa tí a ń sọ nílé.

Ó ní, "Ọmọ yìí ò nílé, ìyẹn ló fi jókòó sórí iyanrìn. Wọ́n ti fún un ní àgọ́, ṣùgbọ́n àgọ́ náà kéré, orí rẹ̀ nìkan ló bò. Ìyá rẹ̀ lọ tò síbi tí wọ́n ti ń pín kúbùsù. Tí kò bá tètè dé, omi yẹn á dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà."

Fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún èdè wa. Yamna gba ẹyọ kan. Mo fa ìlà sẹ́yìn ìwé ìrántí yìí, mo ṣe àyè tèmi síbẹ̀, mo kọ mẹ́rin sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Ṣọ́ọ̀kì yọ́ mọ́ inú páálí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kọkànlá

Ìwé kejì. Márùn-ún ló ṣeé kà. Mamas ṣì wà lórí lẹ́tà rẹ̀ méjì. Tuda fa ìlà rẹ̀, ó fi àmì tó-tò-tó méjì sísàlẹ̀, wọ́n jìnnà sí ìlà náà. Mo rò pé pẹ́ńsù ló fi ń ṣeré. Òdo.

Àlùbọ́sà ti di owó dírámù mẹ́rìndínlógún kílò kan lọ́jà. Ìyá mi ní ká máa gbóòórùn rẹ̀ ká fi jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá alábẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀ dé kókósẹ̀, òwú ló fi so apá awò ojú rẹ̀ kan. Ó wo gbogbo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó pè mí síta.

"Tíṣà Ijja, ẹ jẹ́ kí n má tàn yín. Màá padà wá lóṣù kìíní. Tí ọmọ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá yìí bá lè kọ orúkọ wọn lójú mi, àgọ́ yín á dúró. Ọ̀rọ̀ sísọ lè dẹ̀yìn, orúkọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Tí wọn ò bá pé mẹ́jọ, wọ́n á kó kíláàsì kìíní lọ sílùú, kí àwọn ọmọ máa gbé níbẹ̀."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀gá."

"Ilé ibùgbé wà. Obìnrin kan ń tọ́jú wọn."

"Àwọn bàbá wọn ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin lọ. Méje sì ni ọmọbìnrin níbí."

"Mo mọ̀." Ó nu awò rẹ̀. "Àgọ́ tó wà lọ́wọ́ wa ò tó. Àwọn ọmọ kan wà lókè lọ́hùn-ún tí abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kàwé. Ibi tí ẹ̀kọ́ bá ti ń wọlé ni wọ́n ní ká fi àgọ́ sí."

Ọmọ ni àwọn tó wà lábẹ́ igi pẹ̀lú.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kọkànlá

Ìwé kẹta. Mẹ́fà!

Idder ni ẹni kẹfà. Láàárọ̀, mo mú un dúró, mo kọjú rẹ̀ sí ẹnu àgọ́. Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ lọ́hùn-ún ni òkè wà. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó máa sọ̀kalẹ̀ lọ síbi odò."

Ó rò ó. "Tí ilẹ̀ bá tún mì ńkọ́, tí òkè bá wó?"

"Kọ ọ́ kíákíá kó tó mì."

Ó kọ ọ́ kíákíá. Ó dára. Ó sáré mú un lọ han ìyá rẹ̀ láìgba àṣẹ.

Tuda: ìlà, àmì méjì, àti nǹkan róbótó kan tó ní ìrù bíi ṣíbí tó tẹ̀. Òdo. Ó ń wo ọwọ́ mi nígbà tí mo ń kọ òdo náà.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kọkànlá

Ìrì dídì bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ń fa ọwọ́ sínú ẹ̀wù, wọ́n ń di pẹ́ńsù mú láti inú aṣọ. Lẹ́tà gbogbo wọn ti ń gbọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù? Mamas ń wúkọ́. Sìlíńdà gáàsì ò tíì dé láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kọkànlá

Ìwé kẹrin. Méje. Mamas ni ẹni keje, ojú ìwé mẹ́ta ló fi kọ orúkọ rẹ̀ tán.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, mo to ìwé Tuda mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bẹ́ńṣì kí n lè fi pínnì so wọ́n mọ́ fọ́ọ̀mù. Ìlà tó dúró. Ìlà àti àmì méjì nísàlẹ̀. Ìlà, àmì méjì, ṣíbí onírù. Tòní: gbogbo èyí, àti nǹkan bí abọ́ pẹrẹsẹ tí àmì kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo tún jókòó.

Álífù ni. Yáù ni. Wáwù ni. Báù ni. Ayub.

Kò fi pẹ́ńsù ṣeré lọ́jọ́ kankan. Lẹ́tà kan ló ń fi kún un nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìwé bá dé, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbà á. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, mo sì kọ òdo mẹ́rin fún ọmọ tó jókòó síwájú mi, tó ń kọ orúkọ ẹni tó kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kejìlá

Mo lọ bá Màmá Fadma. Ó ń dín búrẹ́dì lórí páànù kan tí wọ́n gbé lé òkúta mẹ́ta. Tuda wà lẹ́yìn àgọ́, ó ń ṣa igi. Mo fi ìwé han ìyá àgbà, mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un nítorí kò mọ̀wé.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. "Èwo ni ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

Mo fi hàn án.

"Ayub ló kọ́ ọ. Èédú ló máa ń fi kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná mi. Mo nà án nítorí rẹ̀." Ó dá ìwé padà. "Ilé ìdáná náà ló wó lù ú."

"Màmá, ṣé Tuda mọ̀ pé ó ti kú?"

"Ọmọ wo ni kò mọ̀ lábúlé yìí?" Ó yí búrẹ́dì padà kó tó jóná. "Jẹun kí o tó lọ, ọmọ mi. O ti rù jù."

Mo jẹun. Mi ò bi í mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kejìlá

Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ "Tuda" sí pátákó kékeré rẹ̀, tí mò ń ní kó wò ó kó kọ ọ́. Ó ń wò ó. Kì í kọ ọ́. Tí mo bá fi ìwé funfun síwájú rẹ̀, Ayub ló ń kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kejìlá

Ọ̀gá Lahsen ka iye wọn. Méje dájú. Àwọn mẹ́ta kan ṣì wà tí lẹ́tà wọn ò tíì so pọ̀, wọn ò ní bá a mọ́ kó tó di oṣù kìíní. Tuda ló kù.

"Ọmọ yìí lọ́wọ́ ìkọ̀wé," ni ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ju ti Idder lọ. Kí ló dé tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀?"

"Kò fẹ́ ni."

"Nígbà náà, ìwọ bá a kọ ọ́. Fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, kó rí wúruwùru. Tí alábẹ̀wò bá rí ìwé rẹ̀ nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ó lè má tún dán an wò. Ọmọbìnrin méje ni, Ijja."

Mo ní mi ò ṣe é. Ó ní kí n má tíì dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kejìlá

Mo ṣe é. Ọwọ́ òsì. Ìgbà kẹta ló tó jọ ti ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kejìlá

Yìnyín wó àgọ́ ilé-ìwé. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Idder wà lẹ́nu ọ̀nà ó sì rí i bó ṣe wó. Ó bú sẹ́kún, ó ń sá káàkiri, a ò tètè rí i mú. Wọ́n gbé Mamas lọ sílé ìwòsàn nílùú lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ títí dé títì, nítorí àyà rẹ̀. Kò sí ìkọ̀wé.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kìíní

A ti tún àgọ́ pa. Mamas padà dé, egungun lásán ló kù. Ó jókòó, ó kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì gba ojú ìwé kan ṣoṣo, nítorí wọn ò tóbi mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo lọ síta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kìíní

Alábẹ̀wò wá lónìí.

Ó pín ìwé funfun fúnra rẹ̀. Idder kọ. Yamna kọ, kò ṣẹ́ pẹ́ńsù. Mamas kọ. Wọ́n pé méje, bí mo ṣe mọ̀. Tuda kọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò dáadáa, àmì méjì wà níbi tó yẹ, àmì kan wà níbi tó yẹ. Mi ò rí ọmọ kíláàsì kìíní tó kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò fi í sórí bẹ́ńṣì bíi ti àwọn yòókù. Ó dìde, ó fi lé alábẹ̀wò lọ́wọ́, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wò ó lójú.

"Ayub," ni ó kà. "Ọmọbìnrin kọ́ nìyí?"

Mo sọ ẹni tí Ayub jẹ́ sí i fún un. Ó wá ìwé Tuda nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ó rí èyí tí mo fi ọwọ́ òsì kọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní. Ó wo èkíní, ó wo èkejì. Ó ká tèmi sí mẹ́rin, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Níta, ó ní, "Orúkọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ń béèrè."

"Ó mọ̀wé kọ, ọ̀gá. Ẹ rí i."

"Mo rí i. Méje ni màá kọ."

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kìíní

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kìíní

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n á ká àgọ́ lọ lọ́gbọ̀njọ́ oṣù yìí. Èmi náà, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé ìlú.

Àwọn bàbá pàdé lẹ́yìn ìrun. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa lọ. Bàbá Yamna sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ìyókù. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ méjì ni mo ní. Mo fi ọwọ́ ara mi wú ọ̀kan jáde. Ẹ fẹ́ kí èyí tó kù lọ sùn sábẹ́ òrùlé kọ̀ǹkéré tí mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ?"



Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kìíní

Tuda sọ̀rọ̀ lónìí.

Mò ń di àwọn ìwé sínú páálí, òun ń bá mi kó pẹ́ńsù jọ. Àwọn yòókù ti lọ. Ohùn rẹ̀ há, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Tíṣà, ọkùnrin yẹn ò padà wá."

Mo rọra gbé páálí sílẹ̀. "Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó gba ìwé. Mo kọ ọ́ dáadáa fún un. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀."

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, òótọ́ ni. Kí lo fẹ́ kó fi ṣe?"

"Kó wá wú u." Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbédè. "Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwọn ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ìwé. Wọ́n ní ta ló wà lábẹ́. Wọ́n kọ orúkọ bàbá Idder, wọ́n wú u jáde. Wọ́n kọ orúkọ Zahra aládùúgbò wa, wọ́n wú u jáde. Ìyá àgbà ń sunkún, kò sọ ti Ayub fún wọn. Ayub ń pè mí láti abẹ́ ògiri. Ó ní kí n má sùn. Wọ́n wá gbé mi lọ sílé àwọn Yamna, mo sì sùn."

"Kí ni Ìyá àgbà sọ fún ẹ?"

"Ó ní ó wà lọ́dọ̀ dókítà ní Marrakech. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀. Ìwé wo ni wọ́n fi máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Oṣù méjì ni mo fi rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ó ń ké pe àwọn èèyàn ni. Gbogbo ìwé tó bá ti jọ pé ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àjèjì, ó ń kọ ọ́ sí i.

Mo dì í mú. Kò sunkún. Ó ní kí n má ba pẹ́ńsù jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kìíní

Mo sọ ohun tí Tuda wí fún Màmá Fadma, kò jiyàn. Ó ní òun fẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i kó tó gbọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó di ọwọ́ Tuda mú, àwa mẹ́ta jọ gòkè lọ síbi ibojì. Atẹ́gùn pọ̀. Òkúta méjì ni wọ́n fi sàmì, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Ìyá àgbà ò ní láti wá a.

Tuda jókòó sílẹ̀. "Ìgbà wo ló dé ibí?"

"Ọjọ́ kẹta," ni Màmá Fadma wí. "O wà nílé àwọn Yamna."

"Ta ló kọ orúkọ rẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn, ọmọ mi."

"Ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n wú u. Ó ti pẹ́ jù ni."

Tuda mi orí pé òun gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé òkúta tó wà níbi orí, ó fi í síbẹ̀ títí òtútù fi mú gbogbo wa. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ìyá àgbà ló ń sunkún, ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kìíní

Lọ́rì dé ní aago mẹ́sàn-án. Wọ́n ká àgọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, koríko abẹ́ rẹ̀ ti funfun. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè sẹ́yìn lọ́rì pẹ̀lú àpò wọn. Idder béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òkè máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún nílùú náà. Mo ní ó máa wà. Ìyá mi ti jókòó síwájú, ó ń bá awakọ̀ jà nítorí àwọn adìẹ rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin méje tò sí ibi ìpakà. Mo fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsù tó kù. Mo ní màá máa gòkè wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí títì bá dára. Yamna ní yìnyín kì í jẹ́ kó dára.

Tuda fa aṣọ mi. "Lẹ́tà mélòó ló wà nínú orúkọ tèmi?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ kọ ọ́ kí n rí i."

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé lé orúnkún, mo kọ ọ́. Ó gba pẹ́ńsù, ó ń wo lẹ́tà àkọ́kọ́ pẹ́.

"Àmì méjì ti Ayub, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà."

"Tìrẹ wà lókè."

Ó ya abọ́, ó fi àmì méjì sókè rẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Awakọ̀ fun fèrè. Ó ní, láìgbójú sókè, "Ẹ ní kó dúró. Mi ò tíì ṣe tán."

Mo bẹ awakọ̀ kó dúró. Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà kò lè dúró mọ́.